Ṣíṣọ́ Ọmọ Yàtọ̀ sí Títọ́ Ọmọ: Nígbà tí Ọ̀rọ̀ Ọmọ Kò Bá Dé Kóòtù



Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ló pè mí láìpẹ́ yìí. Ó ti pẹ́ tó ti kúrò ní kíláàsì mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwùjọ ló ń ṣe báyìí, èyí tí àwa ará Èkó ń pè ní Welfare. Ó ní, “Prof, ẹ káàárọ̀ sà. Kí ni Yorùbá ‘diversion’? Kí sì ni Yorùbá ‘supervision’? Fọ́ọ̀mù kan wà lọ́wọ́ mi, ìyá ọmọ kan ló máa fọwọ́ sí i, màmá náà ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.”

Bí ẹ bá ń gbé Alímọ̀ṣọ́ bíi tèmi, ẹ mọ diversion dáadáa. Òun ni pátákó tí àwọn tó ń ṣe títì máa ń gbé sójú ọ̀nà, pé kí mọ́tò má gba ibí mọ́, kó yà sọ́hùn-ún. A ti bá a pàdé ní Ìkòtún, a ti bá a pàdé ní Ìgandò. Ṣùgbọ́n èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ mi ń bèèrè kì í ṣe ti mọ́tò. Ti ọmọ tó ṣẹ̀ sófin ni: ọmọ tó jí nǹkan kékeré, tó jà ládùúgbò, tó fọ́ gíláàsì onígíláàsì. Dípò kí wọ́n gbé e lọ síwájú adájọ́, wọ́n á jẹ́ kó gba ọ̀nà mìíràn, níbi tí ẹbí rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀, àwọn ará àdúgbò àti òṣìṣẹ́ ìjọba yóò ti jọ yanjú ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan yóò máa mójú tó ọmọ náà fún ìgbà díẹ̀.

Mo dá a lóhùn kíákíá, bí àwa ọ̀mọ̀wé ṣe máa ń ṣe. Mo ní kó kọ “ìyapa kúrò ní ilé ẹjọ́”. Ó dúpẹ́, ó sì pa fóònù.

Lọ́jọ́ kejì ó tún pè mí. Ìyá ọmọ náà ti bú sẹ́kún. Nígbà tí wọ́n ka fọ́ọ̀mù náà sí i létí, “ìyapa” nìkan ló gbọ́. Ó rò pé ìjọba fẹ́ ya òun àti ọmọ òun sọ́tọ̀ ni. Ó kọ̀, kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí èmi ọ̀jọ̀gbọ́n fi ẹnu ara mi hun, ọmọ náà sun oorun ọjọ́ kan sí i níbi tí kò yẹ kó sùn. Ìyẹn ló gbé mi dìde nílé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n wá jókòó tì wọ́n.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí. Kò dìgbà tí ẹ bá jẹ́ lọ́yà kó tó kàn yín. Ọ̀pọ̀ nínú yín jẹ́ òbí, tíṣà, ọ̀gá iṣẹ́ ọwọ́, tàbí ọmọ ẹgbẹ́ CDA àdúgbò. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan á kan ilẹ̀kùn yín pé ẹ wá bá àwọn dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ kan.

Ohun tí òfin sọ

Ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní 2003. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Lójú àwọn òfin wọ̀nyí, ẹnikẹ́ni tí kò bá tí ì pé ọmọ ọdún 18, ọmọdé ni. Abala 209 nínú òfin 2003 fún ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò ìjọba lágbára láti parí ọ̀rọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ láìgbé e dé iwájú adájọ́. Ó dárúkọ ọ̀nà tí wọ́n lè gbà: mímójú tó ọmọ náà, títọ́ ọ sọ́nà, dídá ohun tó mú padà, àti sísan owó fún ẹni tó ṣẹ̀ láti fi tu ú nínú. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó wúwo. Ó ní wọ́n lè ṣe é níbi tí ọ̀rọ̀ bá ń fẹ́ ìlàjà, tàbí níbi tí ẹbí tàbí ilé-ìwé ọmọ náà bá ti fi hàn pé àwọn lè bójú tó o bó ṣe yẹ, tàbí tó bá jẹ́ pé ohun tó máa ṣe ọmọ náà àti àwọn tọ́rọ̀ kàn láǹfààní nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wá là á mọ́lẹ̀ pé ìgbẹ́jọ́ ló yẹ kó gbẹ̀yìn, ìgbà tí gbogbo ọ̀nà yòókù bá ti dí.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló ronú báyìí. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kọ irú rẹ̀ sínú ìlànà tí wọ́n ń pè ní Ìlànà Beijing ní 1985. Ní New Zealand, òfin tí wọ́n ṣe ní 1989 sọ pé kí ẹbí ọmọ tó ṣẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ àti ọlọ́pàá jókòó papọ̀, kí wọ́n jọ pinnu ohun tó yẹ. Inú àṣà àwọn Māori tó ni ilẹ̀ náà ni wọ́n ti mú púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Àwọn bàbá tiwa náà ti sọ ọ́ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

L'Ékòó níbí, ọ̀rọ̀ mímójú tó ọmọ tó ṣẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ìjọba òyìnbó ṣe òfin àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní 1943. Òfin yẹn náà ló fún àwọn òṣìṣẹ́ kan láyè láti máa tẹ̀lé ọmọ délé, kí wọ́n máa wo bó ṣe ń ṣe, dípò tí wọn ì bá fi tì í mọ́lé. Ní àwọn ọdún 1940 yẹn, Donald Faulkner, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá ìtọ́jú àwùjọ, ṣètò ilé kan fún àwọn ọmọkùnrin tí kò nílé. Green Triangle ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà, àwọn tó ń ṣe é lónìí, ọ̀nà tí wọ́n ti là sílẹ̀ tipẹ́ ni wọ́n ń tọ̀.

Mẹ́rìndínlógún ni o, kì í ṣe mọ́kàndínlógún

Mo débẹ̀ tán, ohun àkọ́kọ́ tí mo rí lórí ìwé ni ọjọ́ orí ọmọ náà. Wọ́n kọ 19. Ìyá rẹ̀ ní, “Ẹ̀yin bàbá, mẹ́rìndínlógún ni mo sọ fún wọn o.” Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ kì í ṣe ọmọ Yorùbá, n kò sì rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àìgbọ́ra-ẹni-yé lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun ṣàlàyé èyí. Nínú òǹkà Yorùbá, láti 16 títí dé 19, ogún la máa ń yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀: mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún, mọ́kàndínlógún. Ìparí gbogbo wọn jọra. Ìbẹ̀rẹ̀ wọn nìkan ló yàtọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ni etí àjèjì kì í tètè gbá mú nínú ariwo àgọ́ ọlọ́pàá. Bẹ́ẹ̀ àárín àwọn mẹ́rin yìí ni òfin gbà kọjá. Ẹni 16 àti ẹni 17, ọmọdé ni. Ẹni 18 àti ẹni 19, àgbàlagbà ni. Bí wọ́n bá kọ 19 fún ọmọ ọdún 16, gbogbo ọ̀nà tí mo ṣàlàyé lókè yẹn ti dí mọ́ ọn lójú. Kóòtù àwọn àgbà ló máa bá ara rẹ̀.

Alímọ̀ṣọ́ wa yìí, ìjọba ìbílẹ̀ tó lérò jù l'Ékòó ni. Nínú ìkànìyàn 2006, 1,277,714 ni àjọ ìkànìyàn àpapọ̀ kà níbẹ̀. Ìjọba Èkó ní tiwọn ní àwọn ka 2,047,026. Gbogbo ẹ̀yà ló kún ibẹ̀, àwọn ọlọ́pàá wa náà sì wá láti ibi gbogbo. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi rọrùn: bí wọ́n bá bi yín ní ọjọ́ orí ọmọ, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì dárúkọ ọdún tí ẹ bí i. Bí ìwé ìbí tàbí ìwé ilé-ìwé bá wà, ẹ mú un dání. Ẹ ní kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ padà sí yín létí.

Ta ni supervisor?

Ọmọ náà mú fóònù ìyá kan tó ń lọ ata ní Ìkòtún, ó sì tà á. Kò jiyàn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí mo máa padà sí i.

Nígbà tí a tún ìwé ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe tán, òṣìṣẹ́ Welfare bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún un pé yóò ní supervisor. Mo dá a dúró. Mo bi ọmọ náà pé, “Ìwọ, ta ni wọ́n ń pè ní supervisor?”

Ó ní, “Ẹni tí wọ́n máa ń rán wá sí WAEC ni, sà. Ó máa ń ṣọ́ àwọn èèyàn kí wọ́n má bàa jíwèé wò.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ló sọ. Òun gbà pé ìjọba fẹ́ fi ẹnìkan tì òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí yóò máa retí ìgbà tí òun máa tún jalè, kó lè mú òun. Ta ló máa fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé? Bó bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, ńṣe ló máa sá.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tó jọra létí, tí wọn ò sì jọra rárá: ṣọ́ àti tọ́. Ọdẹ àdúgbò ń ṣọ́ ilé. A ń ṣọ́ olè. A ń ṣọ́ ẹrù kó má bàa sọ nù. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò ní láti bá ọ sọ̀rọ̀. Ó lè wà lókùnkùn kó máa wò ọ́. Ṣùgbọ́n a kì í tọ́ ọmọ láti òkèèrè. Ẹni tó ń tọ́ ọmọ ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń bá a jẹun, ó mọ ìgbà tí inú rẹ̀ bà jẹ́. Inú rẹ̀ la ti rí ìtọ́sọ́nà, inú rẹ̀ la ti rí alágbàtọ́. Ọ̀rọ̀ tí a sì ń lò fún supervision gan-an, ìmójútó, ẹ tú u wò: mú, ojú, tó. Kí ojú ẹni tó o dé ibi tó wà. Ṣé ó jẹun? Ṣé ó lọ sílé-ìwé? Ta ló ń bá rìn? Ojú tó tó ọmọ yàtọ̀ sí ojú tó ń dọdẹ ọmọ.

Torí náà, a fa “ìyapa” mi ya. Ohun tí a kọ fún ìyá rẹ̀ nìyí: “A ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí kóòtù. Ilé la máa ti yanjú ẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta, ẹnìkan á máa bá yín mójú tó ọmọ yín. Ọwọ́ yín lọmọ wà. Ẹnikẹ́ni ò gbà á lọ́wọ́ yín.” Màmá náà gbọ́ ọ, ó ní kí wọ́n tún un kà, ó sì fọwọ́ sí i.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ẹni tí wọ́n yàn ni màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwọn. Òṣìṣẹ́ Welfare ń wá wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì méjì. Mo bá wọn débẹ̀ nígbà mélòó kan. Nínú ohun tí mo rí, mo kó díẹ̀ jọ fún ẹ̀yin tí wọ́n lè yàn lọ́la.

Àkọ́kọ́, ẹnìkan pàtó ni kó jẹ́ alámòójútó, ẹni tí ọmọ náà mọ orúkọ rẹ̀ tó sì mọ ilé rẹ̀. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́, oníkálukú á rò pé ẹnìkejì òun ti lọ wò ó.

Èkejì, kí ohun tí a ní kí ọmọ ṣe má pọ̀, kó sì jẹ́ ohun tí ojú lè rí. “Kí o máa hùwà rere” kì í ṣe àdéhùn; kò sẹ́ni tó lè wọ̀n ọ́n. Mẹ́ta ni tiwa: kó lọ sílé-ìwé lójoojúmọ́, kó wọlé kí aago méje alẹ́ tó lù, kó wá ṣe lẹ́sìnnì lọ́dọ̀ ìyá tíṣà ní ìrọ̀lẹ́ Tuesday àti àárọ̀ Sátidé.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ tún àdéhùn náà sọ. Ẹ má bi í pé, “Ṣé ó yé ọ?” Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa wo àgbà mẹ́fà lójú kó ní kò yé òun. “Yẹ́sà” ló máa sọ. Ẹ bi í pé, “Kí lo máa lọ sọ fún àbúrò ẹ pé a jọ sọ?”

Ẹ̀kẹrin, ẹ ní ìwé kékeré kan. Ọjọ́ tó wá, ẹ kọ ọ́. Ọjọ́ tí kò wá, ẹ kọ ọ́, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ẹ kọ dáadáa tó ṣe náà síbẹ̀. Ẹ máa rí ìwúlò ìwé yìí níwájú.

Ẹ̀karùn-ún, kó ní ọjọ́ tó máa parí. Ìmójútó tí kò ní òpin, ẹ̀wọ̀n ni lójú ọmọdé.

Ẹ̀kẹfà, bó bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó má jẹ́ pé ọlọ́pàá lẹ máa kọ́kọ́ pè. Ẹ bi í léèrè. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ yìí pa lẹ́sìnnì jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìyá tíṣà bi í dáadáa, ebi ló ń pa á, ojú sì ń tì í láti sọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá oúnjẹ níbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹgba ṣe é. Òfin 2003 kò gbà kí kóòtù pàápàá pàṣẹ pé kí wọ́n na ọmọdé, ká má tíì wá sọ alámòójútó. Bákan náà, ọmọ tí wọ́n ní kí ẹ tọ́ kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò máa pọnmi, tí yóò máa fọṣọ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

“Ẹ má bínú” nìkan kò tó

Ọjọ́ tí wọ́n pe ìyá aláta jókòó, mo rí ohun kan tí mo ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ọgbọ̀n ọdún láìmọ bó ṣe wúlò tó. Gbogbo àgbà ilé ló dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n kúnlẹ̀: “Ẹ bá wa dárí jì í, ẹ má bínú, iṣẹ́ èṣù ni.” Ọmọ náà sì dákẹ́ lẹ́yìn wọn.

Ẹ wo “ẹ má bínú” dáadáa. Ọ̀rọ̀ nípa inú ẹni tí a ṣẹ̀ ni. Kò sọ ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ ṣe. Ẹ̀bẹ̀ Yorùbá sì máa ń gba ẹnu ẹlòmíì kọjá. Ó lẹ́wà, ó ń tu ọkàn lára, ṣùgbọ́n ó lè fi ọmọ pa mọ́ débi pé kò ní dárúkọ ohun tó ṣe. Ìyá aláta fúnra rẹ̀ ló ní, “Òun ńkọ́? Ṣé kò lẹ́nu ni?” Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ọmọ náà ní, “Mo mú fóònù yín, mà. Mo tà á. Mo mọ̀ pé inú ẹ̀ ni nọ́ńbà àwọn kọ́sítọ́mà yín wà.” Màmá yẹn kò sọ pé òun ti dárí jì í. Ó béèrè ọjọ́ tí owó òun máa pé. Ẹbí dá ọjọ́ fún un, wọ́n sì san án ní ìgbà mẹ́ta. Èmi gbà pé ìyẹn náà tó. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tọmọ nìkan. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ rí nǹkan gbé délé.

Ibi tí kò yẹ ká dé

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni a ń yanjú nílé. Ìfipábánilòpọ̀, ìpànìyàn, fífi ohun ìjà jalè: àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kékeré. Àwọn àgbà tó bá kó irú rẹ̀ sábẹ́ ẹní torí orúkọ ẹbí, kì í ṣe ohun tí òfin ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ń ṣe.

Bákan náà, bí ọmọ bá ní òun kò ṣe é, ẹ má fi ipá mú un gbà kó lè yá. Ọ̀nà yìí wà fún ọmọ tó gbà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kó sì ní agbẹjọ́rò. Iléeṣẹ́ Office of the Public Defender ti ìjọba Èkó ń ṣe ti àwọn tí kò lówó lọ́wọ́. Àti pé owó tí a san fún ìyá aláta kì í ṣe owó bélì. Ọ̀fẹ́ ni bélì.

Orúkọ tí a ń pe ọmọ

Ní Abala 213, òfin 2003 ṣe ohun kan tó máa ń wú mi lórí. Ó ní kóòtù kò gbọdọ̀ lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, “conviction” àti “sentence”, fún ọmọdé. Àwọn amòfin mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè lẹ̀ mọ́ èèyàn lára títí ayé. Àmọ́ òfin kò lè dé ojúlé wa. Ọ̀rọ̀ tiwa ńkọ́? Olè. Ọ̀daràn. Ìpáǹle. Ọmọ wọ̀nyẹn.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni sílíńdà gáàsì kan sọ nù ládùúgbò wọn, ní ìrọ̀lẹ́ Tuesday. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi ń pariwo pé, “Ẹ lọ mú olè yẹn wá!” Wọn ò tilẹ̀ pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Àwọn kan ti ń wá táyà. Ìyá tíṣà ló jáde sí wọn. Ó mú ìwé kékeré yẹn lọ́wọ́, ó ka ọjọ́ náà sí wọn létí: ọmọ náà dé ní aago mẹ́rin, ó ṣe ìṣirò, ó jẹun, ó kúrò níbẹ̀ ní aago mẹ́fà kọjá. Sílíńdà náà sì wà níbi tó wà ní aago mẹ́rin, kò sí níbẹ̀ mọ́ ní aago márùn-ún; ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Èrò tú ká. Wọn ò bẹ ọmọ náà. A ò rí sílíńdà náà títí dòní.

Ẹ ronú sí i. Ká ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ láti òkèèrè ni wọ́n fún un, ta ni ì bá jẹ́rìí fún un lọ́jọ́ yẹn? Ẹni tó ń tọ́ ọmọ nìkan ló lè sọ pé, “Ọ̀dọ̀ mi ló wà.”

Oṣù mẹ́ta ti parí. Ilé-ìwé ló wà, kò tún mú nǹkan ẹnikẹ́ni. N kò lè ṣe onídùúró fún ọ̀la rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè ṣe é fún ọ̀la ọmọ tèmi náà. Àwọn kan ládùúgbò ṣì ń pè é ní olè bó bá kọjá. Ẹnìkan ní í bímọ, igba èèyàn ní í wò ó. Bí igba èèyàn yẹn bá ń pe ọmọ ní olè, iṣẹ́ ẹnìkan tó ń tọ́ ọ á le púpọ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà ládùúgbò yín, ẹ bá mi fi orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ pè é.